Ẹ sọ tiyín: ẹ fọwọ́ ara yín jó irin ọkọ̀, kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ yọ?

Ajórin-bí-eré:

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè rí ẹnu sọ tiẹ̀. Mi ò kọ́ṣẹ́ wẹ́dà níbì kankan. Mo ra máṣìnnì MIG kékeré kan, èyí tó ń fi iná yọ́ wáyà láti fi jó irin pọ̀, mo ra ìbojú, mo wo fídíò títí ojú fi ń ta mí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó àwókù irin pọ̀ lẹ́yìn ilé. Kò pẹ́ tí ojú ìlà tí mo ń jó fi ń tò bí ìpẹ́ ẹja. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń kí mi. Bí mo ṣe sọ ara mi di ọ̀gá nìyẹn.

Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀, ìpẹtà ti jẹ abẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Mo gé ibi tó ti jẹra, mo fi páànù tuntun dí i, mo kùn ún, mo tà á. Ẹ fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná.

Èyí tó gbé mi dé kóòtù ni ìkọ́ tí mo ṣe sẹ́yìn ọkọ̀ kejì, tí mo fi ń fa tírélà kékeré. Irin pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 8 ni mo lò, máṣìnnì kékeré yẹn náà ni mo sì fi jó o mọ́ ara ọkọ̀. Mo gun orí ẹ̀, mo fò sókè sódò, kò mì. Gbogbo ẹ̀rí tí mo ní pé ó dáa kò ju pé mo fò lórí ẹ̀ lọ. Ó sì ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ó lé.

Àbúrò ìyàwó mi wá yá ọkọ̀ náà. Ó di ẹrù kún tírélà, ó bọ́ sí títì. Bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbì kan tó dàgẹ̀rẹ̀, ìkọ́ já. Ṣéènì tó yẹ kó di tírélà mú bí ìkọ́ bá já, ara irin kan náà tí mo jó yẹn ni mo so òun náà mọ́, gbogbo ẹ̀ bá jọ lọ. Tírélà yà sí ọ̀nà òdìkejì, ó gbá ọkọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọrùn ọwọ́ obìnrin tó ń wà á kán, egungun ìhà rẹ̀ méjì náà kán. Kò sẹ́ni tó kú. Mo ń dúpẹ́ ìyẹn lójoojúmọ́.

Ẹnjiníà tí iléeṣẹ́ adójútòfò rán wá gbé irin náà sórí tábìlì níwájú mi. Mo ti múra sílẹ̀ pé á sọ pé irin ló ṣẹ́. Irin ò ṣẹ́ rárá. Ìlà tí mo jó ló ṣí kúrò lódindi, bí ìgbà tí èèpo ṣí lójú ọgbẹ́ tó ti jinná. Ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí i. Kí n tó jó irin yẹn, mo ti fi máṣìnnì lọ ojú ẹ̀ kó lè mọ́. Àwọn ìlà tín-ín-rín tí máṣìnnì ìlọrin fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ ketekete, lábẹ́ ibi tí mo jó. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ká ní irin yìí yọ́ ni, àwọn ìlà yìí ì bá ti pa rẹ́. Iná yín ò wọlé. Orí irin lẹ da irin lé.”

Ó wá béèrè ìwé ẹ̀rí mi. Mo ní mi ò ní. Ó béèrè bóyá mo sọ fún wọn nígbà tí mo so ìkọ́ mọ́ ọkọ̀. Mi ò sọ. Wọ́n san owó gbà-má-bínú fún obìnrin náà, wọ́n sì yíjú sí mi pé kí n dá a padà fún wọn. Ní ti ọkọ̀ tèmi, wọn ò tiẹ̀ dá mi lóhùn. Lọ́yà obìnrin náà sì wà lọ́tọ̀, òun náà ń bá mi fa ìyókù.

Tiyín ńkọ́?

Aláfẹ́-ọkọ̀:

Tèmi ò tó yẹn. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ mi rẹlẹ̀, ni mo bá fi iná gáàsì sun sípíríǹgì ẹ̀yìn títí ó fi pọ́n, tó rọ̀ wálẹ̀. Ó rẹlẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó tún rẹlẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe fi iná sè é, tí wọ́n sì rẹ̀ ẹ́ nílé iṣẹ́ ló fún irin sípíríǹgì lágbára, àti pé ẹni tó bá tún fi iná pọ́n ọn bó ṣe wù ú ti gba agbára náà lọ́wọ́ ẹ̀. Táyà wá ń ha bọ́dì. Ọlọ́pàá kan dá mi dúró lóru, ó tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́, kò bá mi jà, kò pariwo. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọkọ̀ yìí wà ní ipò tó léwu, ó ní ibẹ̀ ni ìrìn rẹ̀ parí sí. Mo fẹsẹ̀ rìn délé.

Tèmi-ni-mo-ń-túnṣe:

Ẹ máa dẹ́rù ba ara yín. Ọkọ̀ mi, ọgbà mi, owó mi. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń jó irin ọkọ̀ ara mi, kò sí èyí tó já rí. Mo tiẹ̀ ti ka òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ní wọn ò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ sọ ohun ààbò ọkọ̀ di aláìṣiṣẹ́. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀, àwọn tó ń tà á àti àwọn tó fi títún ọkọ̀ ṣe ṣòwò ni òfin náà ń bá wí. Kò kan ẹni tó ń fọwọ́ kan ọkọ̀ ara rẹ̀. Ta ló wá fẹ́ sọ fún mi pé kí n lọ gbàwé kí n tó dí ihò lára ọkọ̀ tí mo fowó mi rà?

Lọ́yà-tó-ń-wakọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣì í kà. Òfin yẹn ò mú ẹni tó ń tún ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe. Àmọ́ pé ìjọba ò mú yín ò ní kí ẹni tí ẹ ṣe léṣe má mú yín. Ọ̀tọ̀ nìyẹn, ọ̀tọ̀ nìyí.

Ẹjọ́ kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Wells àti Cooper, 1958. Onílé kan fọwọ́ ara rẹ̀ so ọwọ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó sì fi síkúrù kéékèèké dè é. Ọkùnrin tó gbé ẹja wá fún wọn ń jáde lọ lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń jà, ó fa ìlẹ̀kùn kó lè tì, ọwọ́ ìlẹ̀kùn bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ṣubú, ó fara pa. Àwọn adájọ́ ò sọ pé, “Ṣebí onílé lásán ni, kì í ṣe káfíńtà, ẹ fi í sílẹ̀.” Wọ́n ní irú iṣẹ́ tí káfíńtà tó mọṣẹ́ níwọ̀nba ì bá ṣe ni àwọn máa fi wọn tiẹ̀. Onílé náà ló jàre. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó máa yọ̀, ẹ wo ohun tó yọ ọ́: iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ inú ilé ni, ó sì ṣe é bí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ta ló máa dúró níwájú adájọ́ tí á ní ìkọ́ tírélà náà jẹ́ iṣẹ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́?

Ọdún 1971 ni wọ́n dá ẹjọ́ Nettleship àti Weston níbẹ̀ náà. Obìnrin tó ń kọ́ ọkọ̀ wà lọ gbá òpó iná, orúnkún ẹni tó ń kọ́ ọ fọ́. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ni. Ilé ẹjọ́ ní ohun tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ awakọ̀ tó mọ ọkọ̀ wà náà ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú títì ò mọ ẹni tó ń kọ́ṣẹ́.

Èyí tí mo máa ń kà fún àwọn oníbàárà mi jù ni Stennett àti Hancock, 1939. Irin kan bọ́ lára ẹsẹ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, ó yí gun ibi tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń rìn, ó sì gbá obìnrin kan lẹ́sẹ̀. Oníṣẹ́ tó tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ṣe ló jẹ̀bi. Ẹni tó ni ọkọ̀ bọ́ nínú ẹ̀, torí pé ó gbé iṣẹ́ fún ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wá gbé e sọ́dọ̀ ara yín wò. Bí ẹ bá fúnra yín tún un ṣe, ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, ẹ̀yin náà ni oníṣẹ́. Ta lẹ fẹ́ nawọ́ sí?

Èmi náà ti gba irú ẹjọ́ yìí rí, ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ̀bi ni mo sì wà. Oníbàárà mi jó ṣásí ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ọ̀dà dúdú kun gbogbo abẹ́ ẹ̀, ó tà á. Ẹni tó rà á béèrè lórí fóònù bóyá ọkọ̀ náà ti ní àtúnṣe rí. Oníbàárà mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá a lóhùn: “Rárá o, bó ṣe ti iléeṣẹ́ wá ló ṣe wà.” Títí dòní, mi ò mọ̀ bóyá ohun tó jó yẹn lágbára tàbí kò lágbára. A ò tiẹ̀ dé orí ìyẹn. Ọ̀dà dúdú àti àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo yẹn ti gbé wa ṣubú ká tó débẹ̀. Àwọn tó wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì rántí pé òfin ìrìnnà wọn ti ọdún 1988, abala 75, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ta ọkọ̀ tí kò yẹ ní títì fún èèyàn. Kò ní dandan kó jẹ́ oníṣòwò ọkọ̀ ló tà á.

Bàbá Tírélà:

Wẹ́dà ni mí, òun ni mo fi ń jẹun. Ajórin, máṣìnnì kékeré lórí irin tó nípọn, ohun tó máa ń ṣe gan-an nìyẹn. Iná ẹ̀ tó láti yọ́ wáyà, kò tó láti yọ́ irin tó wà nísàlẹ̀. Ojú á dán, ìdí á ṣófo. Ìlà tó rẹwà ti sin èèyàn lọ sí kóòtù ju èyí tó burẹ́wà lọ, torí èyí tó burẹ́wà, olúwa ẹ̀ á lọ̀ ọ́ kúrò, á tún un jó.

Mi ò wá fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé ẹ̀yin tí ẹ ò kọ́ṣẹ́ nìkan lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí. Èmi níwèé. Ìwé náà ò kàn sọ pé mo mọ irin jó. Lábẹ́ ISO 9606-1, ìlànà àgbáyé tí wọ́n fi ń dán wẹ́dà wò, wọ́n á kọ irú iná tí mo fi dánwò síbẹ̀, irú irin tí mo jó, bó ṣe nípọn tó, àti bó ṣe wà nígbà tí mo ń jó o, yálà ó tẹ́ sílẹ̀ ni, tàbí ó dúró lóròó, tàbí òkè orí mi ló wà. Oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i pé mo ṣì ń ṣe é. Bí mo bá ti yẹsẹ̀ kúrò nínú ohun tó wà níbẹ̀, ọ̀kan náà ni èmi pẹ̀lú ẹni tó wo fídíò.

Mo yẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ̀ kan wá tí wọ́n ti gbá lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òpó tó wà láàárín ilẹ̀kùn iwájú àti tẹ̀yìn ti wọnú. Mo gé e, mo jó òmíràn sí i, mo sì jó o dáadáa, mi ò ní tan yín. Ẹ gbé e sábẹ́ èyíkéyìí nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ irin wò, á yege. Ibi tí mo jó ò níṣòro. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ló níṣòro. Irin tí wọ́n ń fi ṣe òpó yẹn nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, wọ́n á ti mú un gbóná janjan, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á rẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, títí agbára ẹ̀ á fi tó nǹkan bí 1,500 MPa, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí irin ṣe lágbára tó. Bí iná wẹ́dà bá kàn án, agbára yẹn á lọ níbi tí ooru dé. Òpó tó yẹ kó gba ẹ̀mí èèyàn là bí wọ́n bá tún gbá ọkọ̀ náà á wá ní ibi rírọ̀ kan lápá òsì ìlà mi àti òmíràn lápá ọ̀tún.

Ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà mú ayẹkọ̀wò dání. Ọmọdé ni, ó lè jẹ́ ọmọ mi. Ó ṣí ìwé àtúnṣe iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà lórí tábúlẹ́ẹ̀tì, ó fi àwòrán kan hàn mí. Wọ́n fi àwọ̀ pupa kun òpó náà látòkè délẹ̀: ẹ má gé e, ẹ má jó o, àfi níbi tí a sàmì sí. Ọdún mélòó ni mo ti fi ń jó irin, mi ò ṣí irú ìwé yẹn rí! Irin ilé ni mo mọ̀. Mo ra ọkọ̀ náà padà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi, mo sì fọwọ́ ara mi gé òpó yẹn sí mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni má bàa tún un kùn kó tà á.

Onísùúrù:

Irin lẹ̀yin ń sọ, iná ni tèmi. Àbúrò ọkọ mi ń jó ilẹ̀ ọkọ̀ nínú yàrá ọkọ̀ wa, ògiri kan náà ló sì wà láàárín yàrá yẹn àti ti aládùúgbò. Ó yọ ìjókòó, ó ká kápẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn díẹ̀, kò yọ ọ́ kúrò. Ó jó o tán, ó pa máṣìnnì, ó wọlé lọ wẹ̀. Kò rí iná, kò rí èéfín. Ẹ̀ta iná kan ti wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó tó nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú kí aládùúgbò tó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn wa.

Ìbéèrè tí àwọn adójútòfò aládùúgbò kọ́kọ́ bi wá, kò kan bí ó ṣe jó irin náà. Wọ́n ní, “Lẹ́yìn tí ẹ pa máṣìnnì, ta ló dúró ṣọ́ ibẹ̀?” Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láti jẹun máa ń fi èèyàn ṣọ́ ibi tí wọ́n ti jó irin, ó kéré tán 30 ìṣẹ́jú, wákàtí kan níbòmíràn. Àwa ò ní ìdáhùn. Èmi kọ́ ni mo jó o, ọkọ mi kọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àwa tí a ni ilé wà nínú lẹ́tà.

Jámánì-ni-mo-wà:

Wọn kì í dúró dìgbà tí nǹkan bá já níbí. Mo jó irin tuntun tí ìjókòó ọkọ̀ ń dúró lé, torí mo fẹ́ lo ìjókòó eré ìje. Abala 19 nínú StVZO, òfin ibí tó sọ bí ọkọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà kó tó lè rìn ní títì, ní bí ìyípadà bá lè fa ewu fún àwọn tó ń lo ọ̀nà, ìwé àṣẹ tí ọkọ̀ náà fi ń rìn ti di òfo. Mo gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnjiníà ní kí n mú ìwé ẹ̀rí wẹ́dà tó jó o wá. Mo ní èmi ni. Ó wò mí, ó wo ìjókòó, ó wò mí, ó pa fáìlì rẹ̀ dé.

Tèmi-ni-mo-ń-túnṣe:

Ó dáa, mo gbọ́. Lọ́yà, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí mo bá pe àwọn adójútòfò lónìí pé báyìí-báyìí ni mo ṣe ọkọ̀ mi, ṣé wọn ò ní fowó kún owó tí mo ń san, tàbí kí wọ́n lé mi?

Lọ́yà-tó-ń-wakọ̀:

Wọ́n lè ṣe méjèèjì. Wọ́n sì lè rán ẹnì kan wá wò ó, kó ní ó dáa. Mo mọ̀ pé ó dùn láti dákẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìjàǹbá, ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tí ẹ fọwọ́ sí: wọ́n bi yín bóyá ẹ ti yí nǹkan padà lára ọkọ̀, kí lẹ kọ síbẹ̀?

Tèmi-ni-mo-ń-túnṣe:

Mo kọ “Rárá.”

Bàbá Tírélà:

Ajórin, ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ ní ká fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Abẹ́ ẹnu ọ̀nà kì í ṣe ibi ẹwà. Òun ló ń gba ìgbáni ẹ̀gbẹ́, òun ni wọ́n sì sábà máa ń ti jáàkì bọ̀. Ṣé ẹ fa ìlà yí páànù yẹn ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni, àbí ẹ kàn fi iná tọ́ ọ níhìn-ín lọ́hùn-ún?

Ajórin-bí-eré:

Mo tọ́ ọ ni. Mo fi pọ́tì dí ìyókù, mo lọ̀ ọ́, mo kùn ún.

Bàbá Tírélà:

Ẹni tó rà á mọ̀?

Ajórin-bí-eré:

Kò béèrè, mi ò sì sọ. Láti àná tí mo ti ka ọ̀rọ̀ ọ̀dà dúdú yẹn, mi ò rí oorun sùn. Mo pè é láàárọ̀ yìí. Kò kọ́kọ́ gbé e. Nígbà tó gbé e, ó ní ọkọ̀ náà ò da òun láàmú rí, ó tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo sọ ohun tí mo ṣe sí i fún un. Ó dákẹ́ lọ títí. Mo ní kó lọ fi ọwọ́ tẹ abẹ́ ẹnu ọ̀nà wò, kó má sì ti jáàkì bọ ibẹ̀. Ó ní ọkọ̀ ò sí lọ́dọ̀ òun, ọmọbìnrin òun ló ń wà á lọ sí iléèwé báyìí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́ta.

Mo ti bá ẹni tó ní ọkọ̀ agbọ́kọ̀ sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ òní la máa lọ gbé e níbi tó wà.